Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Tàn

Láti Ìṣánlú-Ìsìn ni tákàdá náà ti wá,
nínú àpò ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí lẹ́ẹ̀mejì.
Awakọ̀ tì í sábẹ́ ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo,
ó gba Òmù-Àrán, ó gba Àjàṣẹ́,
ó dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìlọrin bí ládàánì ti ń pe àlàsárì.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta. Ó ti gbẹ,
ó pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko.
Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí i: Ọmọ Ṣìfáwù. Ọkùnrin. Ọjọ́ márùn-ún.
Kò tíì lórúkọ;
ìyá rẹ̀ ló yá a ní èyí tó fi wọ mọ́tò.
Nísàlẹ̀, bírò mìíràn:
Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ́njú kó tó lọ.

Ọsàn pọ́n, inú wa a dùn.
Ìbẹ́pẹ pọ́n, a sáré mú ọ̀bẹ.
Ojú ọmọ pọ́n, ilé pa rọ́rọ́.

Mo gé etí ẹ̀kán kan, mo rẹ ẹ́ sínú omi oògùn,
mo kán an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ tèmi.
Èmi ni mo fi ń ṣe òdiwọ̀n: mo mọ̀ pé tèmi kì í purọ́.
Mo pa iná yàrá,
mo tan fìtílà aláwọ̀ àlùkò
(jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri).

Tèmi tàn, búlúù fẹ́lẹ́, bí ojú ológbò.
Ti ọmọ Ṣìfáwù dúdú.
Ìṣẹ́jú márùn-ún. Tèmi tàn sí i. Tirẹ̀ dúdú.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo nu gíláàsì ojú mi,
bí ẹni pé gíláàsì ló jẹ̀bi.

Ẹ̀ṣọ́ kan wà tí í máa ń ṣọ́ pupa inú ẹ̀jẹ̀.
Orúkọ rẹ̀ gùn; a gé e kúrú, ó ṣì gùn.
Ẹni tí tirẹ̀ kò tó lè dàgbà, kó sáré, kó gun igi kaṣú,
títí ọjọ́ tí nǹkan kékeré kan
bá kan pupa náà, tó bá ń fọ́ bí ẹyin.

Mo pe nọ́ọ̀sì.
“Kí ló wà nínú àpótí aṣọ ọmọ náà?”
Ó bi wọ́n. Ó pẹ́ kó tó padà.
“Káńfọ̀ ni. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́jú.”

“Ẹ bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀, ẹ sá a.
Ẹ gbé ọmọ wá lálẹ́ yìí.
Ẹ má sọ pé oòrùn àárọ̀ yóò wò ó.”

“Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí n bi yín: ṣé ọwọ́ ìyá ọmọ ni?”

Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá.
Ẹ sọ fún màmá pé ogún ni, bí ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ẹni tó gbé e fúnni kò mọ̀ pé òun gbé nǹkan dání.

Òru yẹn, mọ́kànlélógún ni mo kà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀ lábẹ́ iná búlúù.
Ọjọ́ kejì, méjìdínlógún. Lẹ́yìn náà mẹ́rìnlá.
Ọjọ́ tó di mẹ́sàn-án ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ,
bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ lábẹ́ iná náà:
Súfiyánù.

Mo ní kí wọ́n padà wá lóṣù mẹ́ta,
torí lẹ́yìn irú ìjì bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tuntun a máa ya dé,
a máa tàn,
a sì máa tan ènìyàn jẹ.

Wọ́n padà wá. Mo pa iná.
Ó ṣì dúdú.
Nínú òkùnkùn yẹn mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá rẹ̀.
Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀,
òórùn oòrùn nìkan ló wà lára rẹ̀.